Àwọn Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Nínú Ìwé: Ìtàn Àwọn Olùtọ́jú Èrò Níbi Àjọ̀dún Orin

Àwọn àgbà wa a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kò tíì rìn jìnnà láyé, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mo jẹ́, n kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2024 mo kúrò ní London, mo lọ sí agbègbè Somerset ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni ó mú mi tọ ipasẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn kan fún ìwé wa, mo mọ̀ pé ogun tàbí ọba ni ó ní lọ́kàn. Kí ó má bínú. Ìtàn àwọn tí wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń jó ni mo mú wá.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ orúkọ Glastonbury. Oko màlúù ni ibẹ̀ í ṣe, ní abúlé Pilton. Worthy Farm ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún tí àjọ̀dún orin bá wà, oko yìí a di ìlú ńlá fún ọjọ́ márùn-ún, ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 210,000 a sì pàgọ́ sí i. Ní ọdún 2024, £355 ni owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún ń gba £5 lé e. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà kan wà ṣá. Láti ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ aláàánú Oxfam ti ń kó àwọn olùyọ̀ǹda ara wá sí ibẹ̀ láti máa tọ́jú èrò. Olùyọ̀ǹda yóò ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan sì tó nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Kò ní gba owó, kò sì ní san owó ìwọlé. Àwọn tí wọ́n ni àjọ̀dún ni yóò san owó iṣẹ́ náà fún Oxfam, kí wọ́n lè fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Bí mo ṣe di olùtọ́jú èrò nìyẹn. N kò ní purọ́ fún yín pé àánú ni ó gbé mi lọ. Burna Boy ni ó gbé mi lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí jẹ́, ẹ rántí ọdún egúngún. Egúngún ni gbogbo ayé ń wò, òun ni àwọn onílù ń kì. Ṣùgbọ́n atọ́kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó mú àtòrì lọ́wọ́: ó ń ti èrò sẹ́yìn, ó ń wo ibi tí kòtò wà kí ará ọ̀run má baà kọsẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọdé kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ọdún bá parí, ta ni í bèèrè orúkọ atọ́kùn? Àwa náà jẹ́ atọ́kùn. Àtòrì nìkan ni wọn kò fún wa. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù àwọ̀lékè tí ó ń tàn yanran láti òkèèrè, àti ìwé tí a ya àwòrán oko náà sí, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé kí a máa fi sùúrù dá ènìyàn lóhùn.

Lálẹ́, bí iṣẹ́ bá ti tán, a máa ń jókòó ti tíì nínú àgọ́ wa, a ó sì máa jiyàn lórí ìwé orúkọ àwọn olórin. Ìwé yìí ni wọ́n máa ń tẹ̀ jáde kí àjọ̀dún tó dé. Lẹ́tà gàǹgà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tí yóò kọrin kẹ́yìn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan; bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni lẹ́tà ń kéré sí i, títí yóò fi dà bí èèrà. Ní ọdún náà, Dua Lipa ni ó wà lókè ní ọjọ́ Ẹtì, Coldplay ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, SZA ní ọjọ́ Àìkú. Burna Boy wà lábẹ́ SZA. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ síta. Mo ní ẹni tí ó kó èrò kún London Stadium ní ọdún 2023, kí ni ó ń ṣe lábẹ́ ẹlòmíràn?

Bàbá kan wà láàárín wa, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó dé London ní ọdún 1981 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú èrò yìí. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ó kọrin lórí oko yìí kí a tó bí ọ?"

Mo dáhùn pé, "Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó wá sọ ọ́. Lẹ́yìn tí Bob Marley kú ní ọdún 1981, Chris Blackwell tí ó ni ilé-iṣẹ́ Island Records ń wá olórin mìíràn tí yóò gbé káàkiri ayé. King Sunny Adé ni ó mú, wọ́n sì gbé àwo Juju Music jáde ní ọdún 1982. Ní ọdún 1983, Sunny Adé kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Glastonbury, gìtá àti gángan wá ń dún lórí oko màlúù. Ní ọdún 1984 ó kan Fela àti ẹgbẹ́ Egypt 80. Bàbá wà níbẹ̀ ní ọdún náà, ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ó ní, "Orin kan ṣoṣo lè gba ìdajì wákàtí. Àwọn òyìnbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ̀ bóyá kí wọ́n jó ni tàbí kí wọ́n máa wò. Nígbà tí yóò fi pẹ́ díẹ̀, ara wọn ti dá a lóhùn."

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni ìjọba ológun mú Fela ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Lagos lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, kò sì kúrò lẹ́wọ̀n títí di ọdún 1986. Bàbá ní nígbà tí òun gbọ́, ohun tí òun kọ́kọ́ rántí ni ìlù alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó tún fi kún un pé Benson Idonije, bàbá àgbà Burna Boy, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ alákòóso iṣẹ́ orin fún Fela nígbà tí Fela ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bí lẹ́tà bá tóbi, bí ó bá kéré, ọ̀nà tí orúkọ náà gbà débẹ̀ jìn. Ìwé yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ òtítọ́ tán. Bí o bá fẹ́ mọ ìtàn àjọ̀dún orin, má ka orúkọ àwọn olórin nìkan. Bèèrè ẹni tí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹfà, ni Burna Boy yóò kọrin, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ mi kẹta bọ́ sí, ní ẹnu ọ̀nà kan tí ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹnì kan bá mi pààrọ̀, kò sí ẹni tí ó gbà. Mo wá pinnu nínú ọkàn mi pé bí àkókò bá tó, n ó yọ́ lọ fún wákàtí kan. Mo ní, èrò tí ó fẹ́ wọlé ti wọlé tán. Ta ni yóò mọ̀?

Ọmọbìnrin ará Denmark kan ni àwa méjèèjì jọ wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó rí i pé ojú mi kò kúrò lára aago. Kò bá mi wí. Ó kàn sọ fún mi pé ọjọ́ náà pé ọdún mẹ́rìnlélógún géérégé. Mo bi í pé ọdún kí ni. Ó ní ní ìlú Roskilde, ní ilẹ̀ àwọn, àjọ̀dún orin kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjì dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, èrè rẹ̀ sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Ní alẹ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2000, ẹgbẹ́ Pearl Jam ń kọrin níbẹ̀. Ilẹ̀ tutù, èrò ń ti èrò. Àwọn kan ṣubú níwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò sì mọ̀. Àwọn olórin dá orin dúró, wọ́n ń bẹ èrò pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́sàn-án ni ó kú. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi níbẹ̀. Orin ni gbogbo wọn wá gbọ́.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, Brixton ni mo ń rí lójú mi. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní London kò lè gbàgbé 15 oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí Asake, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní Ifẹ̀, wá kọrin níbẹ̀. Èrò rọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ẹkún. Ẹni méjì ni ó pàdánù ẹ̀mí wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i: ọ̀kan wá gbọ́ orin, èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ ni. Mo ti máa ń sọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ èrò tàbí ọ̀rọ̀ olórin. N kò tíì rò ó rí láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò yọ́ lọ mọ́.

Nígbà tí mo padà dé London, mo ranti ohun tí Bàbá wí, mo sì gba ilé ìkàwé lọ. Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún kan ṣoṣo ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún Woodstock, ní ìlú Bethel, ìpínlẹ̀ New York, lórí oko ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Max Yasgur. Ènìyàn tí ó lé ní 400,000 ni ó dé. Àwọn tí ó ṣe ètò náà kò tíì parí ọgbà tí wọ́n ń ṣe yí ibẹ̀ ká, nítorí náà owó ìwọlé di ọ̀fẹ́. Òjò rọ̀, ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, oúnjẹ kò kárí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Hog Farm pé kí wọ́n bá wọn mójútó èrò. Hugh Romney ni aṣáájú wọn. Àwọn wọ̀nyí kò mú kùmọ̀, wọn kò mú ìbọn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún "ọlọ́pàá" àti èyí tí ó dúró fún "ẹ jọ̀ọ́" jọra létí, wọ́n sì fi ìyẹn dápàárá: wọ́n pe ara wọn ní Ẹ̀ṣọ́ Ẹ-Jọ̀ọ́. Wọ́n ń se oúnjẹ fún èrò, wọ́n ń jókòó ti àwọn tí oògùn dà lórí rú títí ojú wọn yóò fi wálẹ̀. Ikú kò ṣàì wọ ibẹ̀, nítorí èrò náà pọ̀ ju ìlú ńlá mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìjà ńlá kò sí.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní 6 oṣù kejìlá ọdún 1969, tí wọ́n tún ṣe òmíràn ní Altamont ní ìpínlẹ̀ California. Ẹgbẹ́ àwọn alálùpùpù tí ń jẹ́ Hells Angels ni wọ́n fi ṣọ́ iwájú ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Ọtí bíà tí owó rẹ̀ tó $500 ni wọ́n ní ó jẹ́ owó iṣẹ́ wọn. Igi ni wọ́n fi ń lu èrò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí Rolling Stones ń kọrin, ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀bẹ gún ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Meredith Hunter, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì kú. Hunter ti fa ìbọn yọ, ilé ẹjọ́ sì dá ẹni tí ó gún un sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ọ̀bẹ, ọtí àti ìbínú sí ibi kan náà?

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìwé orúkọ méjèèjì ka iwájú ara wọn. Santana kọrin ní Woodstock, ó kọrin ní Altamont. Jefferson Airplane wà níbi méjèèjì. Crosby, Stills, Nash àti Young wà níbi méjèèjì. Ẹni tí ó bá ka orúkọ nìkan yóò rò pé ọmọ ìyá ni àjọ̀dún méjèèjì. Kì í ṣe orin ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ èrò, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Mo tún rí ohun kan tí ó kàn wá nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Woodstock, ọ̀kan nínú orin tí Santana kọ ni Jin-go-lo-ba. Ẹni tí ó ni orin náà ni Babatunde Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tí ó ti gbé e jáde nínú àwo Drums of Passion ní ọdún 1960. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé. Ìlù rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nìkan ni ìwé náà ń gbàgbé.

Glastonbury fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀kọ́ yìí lọ́jọ́ kan. Ní 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 ni Michael Eavis, àgbẹ̀ tí ó ni oko náà, kọ́kọ́ pe èrò jọ. £1 ni owó ìwọlé, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní wàrà lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 1,500 ni ó wá. The Kinks ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí òkè ìwé. Wọn kò wá, Tyrannosaurus Rex ni ó rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n bí èrò ti ń pọ̀ sí i ni wàhálà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1990, ìjà bẹ́ láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn kan tí ń gbé inú ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀; kò sí àjọ̀dún ní ọdún 1991. Ní ọdún 1993 ni àwọn olùyọ̀ǹda ti Oxfam dé. Síbẹ̀, ní ọdún 2000 èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì fo ọgbà wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ní wọ́n tó 100,000. Nígbà tí ìròyìn ikú Roskilde tún dé, wọ́n dá àjọ̀dún ti ọdún 2001 dúró. Ní ọdún 2002 ni wọ́n tó padà, pẹ̀lú odi irin gíga yí oko ká. Nítorí náà n kò ní sọ pé ẹ̀rín músẹ́ nìkan tó. Odi ń bẹ nínú rẹ̀, ètò ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi kò lè sọ fún ẹni tí ó sọnù pé ọ̀nà rẹ̀ nìyí.

Ẹ ó máa bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà. Kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan bèèrè ibi tí omi mímu wà, mo júwe fún un. Ọkùnrin kan fẹ́ gba ibi tí kò yẹ jáde, mo bẹ̀ ẹ́, ó yí padà. Orin Burna Boy ń ti òdìkejì òkè wá. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ìlù nìkan ni mo ń gbọ́, àti ariwo èrò bí omi òkun. Ọmọ Denmark yẹn rí i pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ó ní kí n jó níbi tí mo wà, òun yóò máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo jó díẹ̀, mo sì dúró padà kí ó lè jó tirẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá lóru pé kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, ọmọ mi. O ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò láti ìgbà náà. Àwa tí a ń ka ìtàn, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni a máa ń kà jù. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ Altamont. Ta ni ó mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrọ̀lẹ́ tí èrò jó, tí wọ́n sì padà sílé láìfarapa? Kò sí ẹni tí í kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ni wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn kí ó má baà ṣẹlẹ̀.

Ọdún ẹgbẹ́ wa ń bọ̀. A ó tẹ ìwé jáde bí a ti ń ṣe, a ó kọ orúkọ onílù, orúkọ akéwì àti orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò sọ̀rọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin alákòóso wa, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà, kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò to àga, àwọn tí yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti àwọn tí yóò gbálẹ̀ nígbà tí àwa bá ti lọ sùn. Bí lẹ́tà náà tilẹ̀ kéré bí èèrà, ẹni tí ó bá ń wá ìtàn wa lọ́jọ́ iwájú yóò rí i kà.